Àfòpiná Tí Ó Gbé Agbárí Sẹ́yìn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kòkòrò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí pé ọ̀rọ̀ kòkòrò ni kí ẹ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Kòkòrò tí mo ń wí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ènìyàn méjì ní àdúgbò wa lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò ta ẹnikẹ́ni, kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ.

Oṣù Keje ọdún 2018 ni, ní ìlú tí mo ń gbé ní Òkè-Ògùn. Òjò ti rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ó sì ti dá. Mo ti sùn lọ fọnfọn nígbà tí ìyàwó mi jí mi, ó ní, "Bàbá Kúnlé, ẹ dìde. Ẹ ò gbọ́ ariwo ni? Wọ́n ní wọ́n mú àjẹ́ nílé Ìyá Ríṣí." Mo fa ẹ̀wù bọrùn, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo jáde. Ìyá Ríṣí ni obìnrin tí ń ta aṣọ ní ilé kejì sí tiwa. Ànkárá ni ó ń tà jù, ṣùgbọ́n nígbà ìnáwó a máa kó òfì wá láti Ìsẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ abíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti wà lórí àìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara ọmọ náà ń gbóná, ó ń bì, àgbo ni wọ́n sì ń fún un mu.

Nígbà tí mo débẹ̀, àgbàlá ti kún fọ́fọ́. Láàrin èrò ni mo ti rí Ìyá Ẹlẹ́kọ, arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ìró kan ṣoṣo ni ó wà lára rẹ̀, kò wé gèlè, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta dúró tì í, ọ̀kan nínú wọn sì di apá rẹ̀ mú. Wọ́n ní kí ó jẹ́wọ́, kí ó sì tú ọmọ náà sílẹ̀. Gbogbo ohun tí màmá náà ń wí kò ju pé, "Mo ti ń sùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń sùn."

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní kòkòrò ńlá kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyẹ ni ó gba ojú fèrèsé wọlé, tí ó ń yí gílóòbù po, tí ó ń gbá ara mọ́ ògiri pàpàpà. Ìyá Ríṣí fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bí ìgbálẹ̀ ti bà á ni ó ké! Kì í ṣe ìró ìyẹ́ apá o. Ó ké fínfín bí ọmọ èkúté tí ológbò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Ríṣí ta gìrì, ó tan iná sí i, ó sì rí ojú kan lẹ́yìn kòkòrò náà tí ń wò ó: ihò ojú méjì tí ó jìn kòtò, àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí agbárí òkú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wá kí ọmọ náà, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ní, "Ara ọmọ yìí gbóná o. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù." Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ mú un.

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí ni mo ń gbọ́ lẹ́nu tọkùnrin tobìnrin ní àgbàlá lóru náà. Ọmọ náà kò sì tíì kú. Ó wà nínú ilé níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sí ẹni tí ó dúró tì í àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Wọ́n ti da garawa bo kòkòrò náà, ẹnì kan sì ti gbé kẹrosíìnì wá láti dáná sun ún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: nígbà tí wọ́n ṣí garawa díẹ̀ tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tí ó sì tún ké, orí mi wú. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ẹsẹ̀ mi fà sẹ́yìn. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ojú kan òun fúnra rẹ̀ rí. Ohun tí ó tún dùn mí ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di apá màmá náà mú jẹ́ ọmọ kíláàsì mi nígbà kan rí. Ó mọ ìwé dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lóru náà, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà," ó dìde, ó sì tún di apá obìnrin náà mú.

Mo mọ̀ pé bí mo bá là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé kò sí àjẹ́ níbẹ̀, wọn yóò ní èmi náà wà nínú ẹgbẹ́. Nítorí náà n kò jiyàn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Kòkòrò yìí wà lábẹ́ garawa, kò lè lọ. Màmá yìí kò lè sáré, òun náà kò lè lọ. Ọmọ nìkan ni ó lè lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ná. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó wá yẹ kòkòrò yìí wò níwájú gbogbo yín."

Olórí ilé náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Ríṣí, ni ó kọ́kọ́ mi orí. Wọ́n pe ọlọ́kadà, ìyá gbé ọmọ sáàrin, wọ́n lọ. Ìyàwó mi mú Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ sí yàrá wa, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti màmá náà. Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò: ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni ni, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára gidigidi. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé e dé, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú rúlà, abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti awò tí ń sọ nǹkan di ńlá tí mo fi ń kàwé lọ sí àgbàlá. Èrò ti pé kí n tó dé. Kòkòrò náà ti rẹ̀ láti òru, ó bà lé ẹ̀gbẹ́ garawa jẹ́ẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì.

Mo ní kí ọmọ kan ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́fà ni. Ẹsẹ̀ ẹyẹ jẹ́ méjì, ti àdán náà jẹ́ méjì, ẹsẹ̀ aláǹtakùn jẹ́ mẹ́jọ. Ohun tí ó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ìdílé kòkòrò ni. Mo ní kí ó ka ìyẹ́ apá rẹ̀. Mẹ́rin ni: méjì ńlá níwájú, méjì kékeré lẹ́yìn. Mo fi ìka kan ìyẹ́ náà, mo sì fi ìka han gbogbo wọn: lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ni lẹ́búlẹ́bú yìí, wọ́n tò léra wọn bí páànù orí òrùlé, àwọn ni wọ́n sì fún ìyẹ́ náà ní àwọ̀. Kòkòrò méjì ni a mọ̀ tí wọ́n ní irú ìpẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìyẹ́ apá wọn, labalábá àti àfòpiná, tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá labalábá ni tàbí àfòpiná? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní èyí tí ó lẹ́wà ni labalábá, èyí tí kò lẹ́wà ni àfòpiná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àfòpiná wà tí ó lẹ́wà ju aṣọ àríyá lọ, àwọn mìíràn sì wà tí ń fò lọ́sàn-án gangan. Ìwo orí ni kí ẹ wò. Ìwo labalábá rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kó róbótó ní ṣóńṣó bí kóńdó ọlọ́pàá. Ìwo àfòpiná kì í sábà ní kóńdó lórí: ó lè rí bí okùn lásán, ó lè rí bí ìyẹ́ adìẹ tí a fi ń nu etí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí ó ṣe ń sinmi. Labalábá sábà máa ń pa ìyẹ́ rẹ̀ dé sókè lẹ́yìn bí ẹni pa ìwé dé. Àfòpiná a máa tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ó dà á bo ara bí òrùlé. Ẹ wo ara náà pẹ̀lú. Ara labalábá tín-ín-rín, ti àfòpiná a sì máa sanra, pẹ̀lú irun múlọ́múlọ́. Eléyìí tí ó wà níwájú wa sanra tó àtàǹpàkò mi, irun sì bò ó. Kò sí àríyànjiyàn mọ́: àfòpiná ni.

Ṣùgbọ́n irú àfòpiná tó wà láyé ju ọ̀kẹ́ mẹ́jọ lé díẹ̀dín lọ, bí ẹ bá gbà kí n fi ìṣirò àtijọ́ sọ ọ́: nǹkan bí 160,000 ni àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ, nígbà tí irú labalábá kò tó 20,000. Èwo wá ni tiwa? Mo na rúlà sí i. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11. Ìyẹ́ iwájú gùn, ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣẹ́ sẹ́yìn bí apá bàálù. Ara rẹ̀ ṣe ṣóńṣó níwájú àti lẹ́yìn. Ìrísí báyìí ni a fi ń mọ ìdílé àwọn àfòpiná asáré, tí wọ́n ń fò bí àṣá. Àwọ̀ ìyẹ́ iwájú dúdú mọ́ ti ilẹ̀, pẹ̀lú tótòtó funfun kékeré kan láàrin. Mo fi abẹ́rẹ́ gbé ìyẹ́ iwájú sókè díẹ̀, gbogbo èrò sì kígbe, nítorí ìyẹ́ ẹ̀yìn pọ́n bí ìyeyè, ìlà dúdú méjì sì là á kọjá. Ikùn rẹ̀ náà ní ìlà pípọ́n àti dúdú bí ti agbọ́n, pẹ̀lú ilà kan bí aró ní àárín. Lẹ́yìn rẹ̀, lókè, níbi tí à bá pè ní èjìká bí ó bá ṣe ènìyàn, ni agbárí náà wà.

Mo gbé awò náà fún olórí ilé kí ó fi wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Irun ni." Bẹ́ẹ̀ ni. Irun aláwọ̀ ìyeyè tí tótòtó dúdú méjì wà nínú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá jìnnà sí i, ojú òkú ni. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, kò sí ojú níbẹ̀. Orí rẹ̀ gangan wà níwájú, ojú rẹ̀ méjèèjì dúdú, wọ́n sì tóbi.

"Igbe tí ó ké ńkọ́?" Ìyá kan tí ń ta ata ni ó bèèrè, ìbéèrè náà sì dára. Àfòpiná tí ń ké kò pọ̀, ṣùgbọ́n eléyìí mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀fun rẹ̀ ni ó ń lò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, awọ pẹlẹbẹ kan nínú ọ̀fun náà a sì máa gbọ̀n, ó tún ń fẹ́ ẹ jáde gba ẹnu. Bí ẹ bá dà á láàmú, yóò ké. Mo fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, ó sì ké fínfín. Àwọn ọmọdé sá. Mo tún tọ́ ọ, ó tún ké. Ní ìgbà kẹta wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá fi ẹnu rẹ̀ hàn wọ́n. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń mu omi òdòdó ní ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n ń ká pọ̀ bí okùn. Ti eléyìí kúrú, ó sì le, nítorí olè oyin ni. Ó ń wọ inú ilé oyin lóru, ó ń gún afárá, ó sì ń fa oyin mu. Bí ó ti ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ oyin tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ń tú òórùn kan jáde tí ó jọ ti àwọn oyin fúnra wọn, bí olè tí ó wọ aṣọ ọ̀dẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin oyin, bí ẹ bá bá òkú àfòpiná ńlá nínú àpótí yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni ó ń dẹ́rù bà. Jákèjádò ilẹ̀ Áfíríkà ni ó wà, a sì máa fò la òkun kọjá lọ sí Yúróòpù. Ní ọdún 1758 ni Carl Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, fún un ní orúkọ atropos. Nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì, Atropos ni obìnrin tí ń gé okùn ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ ò rí i pé òyìnbó tí ó kàwé náà wo ẹ̀yìn kòkòrò yìí, ó sì rí ikú níbẹ̀! Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n ti so ẹ̀rọ rédíò kékeré mọ́ mẹ́rìnlá nínú wọn lára, wọ́n sì fi bàálù kékeré tẹ̀lé wọn lóru. Ọ̀kan fò tó nǹkan bí kìlómítà 90 ní ọ̀nà tààrà, láìka atẹ́gùn sí. Nígbà tí mo kà á, mo ní, ẹni tí à bá dáná sun ní àgbàlá Ìyá Ríṣí nìyí.

Mo rò pé mo ti jàre ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà náà ni ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ la ẹnu, ó ní, "Sà, a gbà pé àfòpiná ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ ilé tí ọmọ ti ń ṣàìsàn ni ó wọ̀? Ilé mélòó ni ó wà ní àdúgbò yìí? Ta ló rán an síbẹ̀?" Èrò mi orí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní iná ni ó rí. Wọ́n ní iná wà ní gbogbo ilé. Òótọ́ ni. N kò ní èsì mìíràn lẹ́nu. Ẹ̀rù ba Ìyá Ẹlẹ́kọ, ní ọjọ́ kẹta ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Ṣakí, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì mú un lọ. Kò sí ẹni tí ó na màmá náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ.

Ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ríṣí láti bá a wo ìgbá tí ó gbìn, nítorí ó ń ráhùn pé nǹkan kan ń jẹ ewé rẹ̀. Mo bá àwọn igi ìgbá tí ewé wọn ti tán, ó ku igi ṣooro. Nísàlẹ̀ wọn ni mo rí ìgbẹ́ kan tí ó rí bí ti ewúrẹ́, dúdú, ó ní ìlà. Ewúrẹ́ kò sì lè wọ ọgbà náà. Mo gbé ojú sókè, mo wá ewé yíká, mo sì rí i: kòkòrò ajẹwé kan tí ó gùn tó ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìdí ìka, aláwọ̀ ìyeyè, ìlà aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìwo kékeré kan tí ó ká kọ́lọ́kọ́lọ́ nídìí. Ọmọ àfòpiná agbárí nìyí. Ewé ìgbá, tòmátì, tábà àti pòtétò ni ó fẹ́ràn. Bí ó bá yó tán, ilẹ̀ ni ó ń wọ̀ láti sùn, ibẹ̀ ni ó sì ti ń para dà.

Mo pe Ìyá Ríṣí, mo ní kí ó mú ọkọ́ wá. A rọra gbẹ́ ìdí àwọn ìgbá náà. A bá ihò kan tí ó ṣófo, èèpo rẹ̀ ti bẹ́, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ti jáde. A tún gbẹ́ ibòmíràn, a sì bá èyí tí kò tíì bẹ́: ó gùn ju ìka lọ, ó pọ́n dúdú, ó ń dán bí igi tí a fi fáníìṣì kùn. Bí mo ti gbé e lé ọwọ́, ìdí rẹ̀ mì. Láti ibi ìgbá yìí dé fèrèsé yàrá ọmọ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Mo gbé e sínú garawa tí mo bu ilẹ̀ sí, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀, mo sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni a fi ṣọ́ ọ. Ìyá Ríṣí a máa yà wò ó bí ó bá ti ọjà dé. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún, èèpo náà bẹ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde kò jọ nǹkan kan: ó tutù, ìyẹ́ rẹ̀ rún bí ìborùn tí a fọ̀ tí a kò sá. Ó gun ẹ̀gbẹ́ garawa, ó fi ara rọ̀, ìyẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn díẹ̀díẹ̀. A ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé. Olórí ilé wá, ìyá aláta wá, ọmọ kíláàsì mi náà wá. Lójú gbogbo wọn ni ìyẹ́ náà tẹ́ tán, tí agbárí sì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ṣóńṣó bírò tọ́ ọ. Ó ké.

Ìyá Ríṣí jókòó lórí àpótí, ó wò ó títí. Ó wá ní, "Ilé mi ni ó ti jáde."

Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ mí di babaláwo kòkòrò. Bí nǹkan bá ti ní ìyẹ́, wọn a di í sínú ọ̀rá wá bá mi. Àwọn àgbẹ̀ kó àfòpiná kékeré eléérú kan wá, tí ó jẹ́ ìyá kòkòrò ajàgbàdo tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí a kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní ọdún 2016. Akọ rẹ̀ ní àmì funfun nítòsí ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú, ti abo kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì funfun bíi fàdákà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni ó rọrùn jù láti mọ̀. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nítòsí ìdí, ẹ ó rí tótòtó dúdú mẹ́rin tí wọ́n dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá rí àmì méjèèjì, òun ni, ẹ má fi ọjọ́ falẹ̀.

Obìnrin kan tí ń ta àgbàdo gbígbẹ gbé tirẹ̀ wá pẹ̀lú ìbínú. Ó ní ajàgbàdo yẹn ni ó wọ àpò òun, òun yóò sì dá ọjà padà fún àgbẹ̀. Kì í ṣe òun. Ajàgbàdo oko kì í gbé inú àgbàdo gbígbẹ. Èyí tí ó wà nínú àpò rẹ̀ kéré gan-an, àwọ̀ koríko gbígbẹ ni ó ní, ṣóńṣó ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ìka tí ń nàka, irun gígùn sì yí i ká. Inú kóró àgbàdo gan-an ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, ihò róbótó ni ó ń gbà jáde. Mo ní kí ó sá àgbàdo rẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa, kí ó sì máa lo àpò tí ó ní ọ̀rá méjì nínú, tí a ń so lẹ́nu pinpin tí afẹ́fẹ́ kò fi lè wọ̀ ọ́. Ó bá àgbẹ̀ náà rẹ́.

Ti sányán ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin oníṣòwò aṣọ mọ iye tí ẹ ń ta òfì sányán gidi, ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ni ó mọ̀ pé àfòpiná ni ó ń hun ún? Àfòpiná funfun tí ìlà ilẹ̀ wà ní ìyẹ́ rẹ̀ ni. Abo rẹ̀ ní irun ṣùkù nídìí, èyí tí ó fi ń bo ẹyin. Àwọn ọmọ rẹ̀ a kó ara wọn jọ lórí igi, wọn a pawọ́ pọ̀ hun ìtẹ́ ńlá kan, inú ìtẹ́ yìí ni olúkúlùkù ti ń hun tirẹ̀. Omi eérú ni a fi ń sè é kí òwú rẹ̀ tó rọ̀, irun rẹ̀ a sì máa yún ni lára. Ẹ kíyè sí èyí o: irú kan nínú wọn tí ń jẹ ewé igi arère ni àwọn ènìyàn ní apá Oǹdó àti Ìkàrẹ́ máa ń sun jẹ nígbà òjò. Àwọn mìíràn a jẹ ẹ́ tán, ara wọn a máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn kò ní lè gbà wọ́n dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àìsàn náà fi rú àwọn dókítà lójú. Ọdún 1993 ni ìwádìí tí a tẹ̀ jáde so ó mọ́ kòkòrò yìí. A sì wá rí i pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ń pa fítámì B1 run lára ènìyàn, pàápàá ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára tó. Fítámì náà ni wọ́n sì fi ń wò ó. Kànní tí ẹ ń rà lọ́jà kì í ṣe òun. Ti kànní, igi èmì ni ó ń gbé, igi tí a fi èso rẹ̀ ṣe òrí.

Ọ̀rọ̀ ti Ìyá Ẹlẹ́kọ ni ó kù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ìyá Ríṣí mú ìró àti ìborùn sányán, ó gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ti yá, olórí ilé àti èmi sì tẹ̀lé e, a lọ sí Ṣakí. Màmá náà gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ fún wa. Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bí ó ti ṣe lọ́jọ́ náà. Ìyá Ríṣí kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó sọ gbogbo bí a ti gbẹ́ ìdí ìgbá. Màmá gba aṣọ náà, ó dúpẹ́. Nígbà tí olórí ilé ní kí ó di ẹrù rẹ̀ kí a jọ máa lọ sílé, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. O ti wá orúkọ fún kòkòrò náà. Èyí tí wọ́n fún èmi ńkọ́?"

Ṣakí ni ó wà títí ó fi jáde láyé ní ọdún 2021. Ọmọ Ìyá Ríṣí ti wọ iléèwé gíga báyìí. Àfòpiná náà wà nínú àpótí onígíláàsì ní iléèwé tí ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ ti ń kọ́ni. Òun ni ó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àrò mẹ́ta tí Ìyá Ẹlẹ́kọ fi ń dáná ṣì wà lẹ́yìn ilé wa. Kò sí ẹni tí ó yọ wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó ń dáná níbẹ̀.